Ọ̀gá Àgbà Tó Dí Oòrùn Lójú

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá jókòó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde ná. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà lórí ìjókòó tí òun bá ń wọlé, mi ò sì fẹ́ ká ti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ ẹ́. Ó dáa. Ó ti kọjá. Ẹ lè jókòó.

Ọ̀gá àgbà Àjọ Agbára Mímọ́ ni. Iṣẹ́ àjọ yìí ò le láti ṣàlàyé fún ọmọdé: kí wọ́n máa fi oòrùn tanná fún ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́, kí èéfín dín kù, kí ojú ọjọ́ tó ń gbóná sí i lọ́dọọdún lè rí ìsinmi díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ pé kí ni iṣẹ́ àjọ náà, á kọ́kọ́ wúkọ́, á fa táì rẹ̀ sọ́tùn-ún, á fà á sósì, á wá ní, "Èmi ni iṣẹ́ àjọ náà." Ikùn rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ yàrá, bí ẹni tó wá bá a yẹ ibẹ̀ wò.

Ó ti fún ara rẹ̀ ní orúkọ ìnagijẹ kan: Ìtànṣán. Kì í ṣe ìtànṣán lásán o. "Ìtànṣán Àkọ́kọ́, Ajíoòrùnlójúoorun" ni orúkọ náà lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. Òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ gbàyè lọ sin òkú bàbá rẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ pe gbogbo rẹ̀ láìdánu dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ náà ní orúkọ tiwọn fún un, èyí tí wọ́n ń pè nígbà tí ilẹ̀kùn bá ti tì. Ariwo ni orúkọ náà.

Akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó máa ń mirí bí alángbá, ni gbogbo wọn mọ̀ sí Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà. Bí ọ̀gá bá ní òjò ń rọ̀ nínú ọ̀gbẹlẹ̀, Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà á ti na agboòrùn kí ọ̀rọ̀ náà tó kúrò lẹ́nu ọ̀gá, á tún máa gbọn omi tí kò sí dànù lára kóòtù.

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ọgbà àjọ náà àti ilé ìgbẹ̀bí. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣàkóso ibẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọ̀gá àgbà ni, ọmọ ìyá kan náà, ẹni tó pọ̀n ọ́n títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀. Ọ̀gá àgbà ti ṣèlérí fún un pé òun máa fa iná oòrùn orí òrùlé àjọ kọjá ògiri wá fún un. Wáyà ti dé. Gílóòbù ti wà lára àjà. Fíríìjì tí wọ́n fẹ́ máa kó abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ sí ti dúró sí kọ̀rọ̀, kò sì wúlò ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Iná nìkan ni kò dé. Yàrá ìgbẹ̀bí náà ṣókùnkùn, nítorí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri, torí náà iná fóònù ni nọ́ọ̀sì fi ń gbẹ̀bí, ó ń fi eyín di fóònù náà mú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ tuntun ń rí láyé ni iná tó ń jáde lẹ́nu obìnrin kan. Ẹ̀yin náà á ké.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni nọ́ọ̀sì máa ń pè é láti òdìkejì ògiri, "iná mi dà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ agbára kì í ṣe ohun tí à ń sọ lórí ògiri. Ẹ gba ọ̀nà tó yẹ. Ẹ kọ ọ́ wá sí ọ́fíìsì."

"Kí n kọ kí ni wá? Nígbà tí ò ń tọ̀ sí mi lẹ́yìn, ṣé o kọ ọ́ wá sí ọ́fíìsì?"

Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà á wá yára wúkọ́, á ní ìpàdé ti yá.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn nígbà tí yunifásítì ránṣẹ́ sí wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ jáde ilé ẹ̀kọ́ ní láti bá ilé iṣẹ́ kan ṣiṣẹ́ ìmọ̀ràn kí wọ́n tó gboyè: kí wọ́n wo bí nǹkan ṣe ń lọ níbẹ̀, kí wọ́n wá ibi tó kù díẹ̀ káàtó, kí wọ́n sọ ọ̀nà àbáyọ. Àjọ Agbára Mímọ́ ni ilé ẹ̀kọ́ yàn fún àwọn mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ló kà á sí ọ̀gá létí.

Ọ̀gá àgbà fẹ̀yìn ti àga. "Wọ́n ń bọ̀ wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àmọ́ wọ́n ní àwọn ni wọ́n fẹ́ gbà wá nímọ̀..."

Ọ̀gá gbójú sókè.

"...nímọ̀ràn yín ni wọ́n fẹ́ gbà, sà. Tiyín ni, sà."

Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Kí èèyàn wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ ẹni, àti kí ó wá gbani nímọ̀ràn, ọ̀rọ̀ kékeré ló wà láàárín wọn. Inú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni ọ̀gá àgbà já sí, tikùn-tikùn.

Ìgbáradì wá bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ dúró, àtẹ́wọ́ ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń kọ́. Àtẹ́wọ́ kìíní wà fún ìgbà tí ọ̀gá bá wọlé. Ìkejì wà fún ìgbà tó bá wúkọ́. Ẹ̀kẹta, èyí tó gùn jù, wà fún ìgbà tó bá dákẹ́, òun sì ni àwọn òṣìṣẹ́ máa ń pa tọkàntọkàn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà dé ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dá, pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀ àti báàgì lẹ́yìn. Obìnrin kan ni aṣáájú wọn. Ìbéèrè ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, láti ọjọ́ tó ti bi ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní ìbéèrè tó mú kó padà lọ sílé lọ ronú. Èkejì ga débi pé Òpó ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ọmọbìnrin roboto kan tí kò lè pa ẹ̀rín mọ́ra, Ẹ̀rín ni wọ́n ń pe òun.

Òpó ló kọ́kọ́ wọlé. Ó forí sọ férémù ilẹ̀kùn, gbàù! Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti sọ fún pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ariwo àkọ́kọ́ bú sí àtẹ́wọ́. Òpó, tó ń fọwọ́ pa iwájú orí, tẹrí ba láti dúpẹ́, ó tún sọ ọ́ mọ́ igi náà lẹ́ẹ̀kejì. Àtẹ́wọ́ tún bú. Ẹ̀rín ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fi báàgì bo ojú.

Ọ̀gá àgbà wọlé, ó gun orí pèpéle, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìkíni.

"Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin èèhù ọ̀la, ẹ̀yin tí orí sìn wá sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń kọ́ ìmọ́lẹ̀ níwèé! Kí n tó sọ ohun tí mo jẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò jẹ́. Èmi kì í ṣe èèyàn lásán. Ẹ lọ bi ìyá mi. Ọjọ́ tí wọ́n bí mi, oòrùn yọ!"

Ó wúkọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ìbéèrè nawọ́ sókè. "Ẹ ṣeun, sà. Ṣé kì í yọ tẹ́lẹ̀ ni, sà?"

Gbogbo yàrá dá wáí. Ohùn kan ṣoṣo tó kù ni ti jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé, tó ń ké gbùgbùgbù láti àárọ̀, tí gíláàsì fèrèsé ń gbọ̀n tìtì.

"Kì í yọ bẹ́ẹ̀," ni ọ̀gá àgbà dáhùn.

"Àwọn sólà orí òrùlé yín ńkọ́, sà? Ṣé wọ́n ń ṣiṣẹ́?"

"Wọ́n ń ṣiṣẹ́ gidi."

"Jẹnẹrétọ̀ tí à ń gbọ́ yìí wá ńkọ́, sà?"

"Ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́."

"Iṣẹ́ wo ni sólà ń ṣe, sà, èwo sì ni jẹnẹrétọ̀ ń ṣe?"

Ọ̀gá àgbà wo àjà. Ẹ má rò pé kò lọ́gbọ́n lórí o. "Sólà ló ń ronú ẹ̀," ó ní. "Jẹnẹrétọ̀ ló ń ṣe é."

Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà yára pa àtẹ́wọ́ ẹ̀kẹta kí ìbéèrè míì tó dé. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bi ọ̀gá pé kí ló fẹ́ káwọn bá a yẹ̀ wò, ó na ọwọ́ méjèèjì síta, ó ní, "Èmi." Wọ́n rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dúpẹ́, wọ́n wá àkàbà, wọ́n gun orí òrùlé lọ.

Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Ní àkókò kan sẹ́yìn, ọ̀gá àgbà ti ní kí wọ́n ya àwòrán òun sórí pátákó gàgàrà kan, kí wọ́n gbé e sórí òrùlé. Nígbà tí wọ́n gbé e dúró, ó wò ó títí, ó ní àwọn tó wà lójú títì nìkan ló máa rí i. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ òfurufú ńkọ́? Ṣé àwọn kì í ṣe aráàlú ni? Ni wọ́n bá da pátákó náà dùbúlẹ̀ lórí igi mẹ́rin, ojú rẹ̀ sí ọ̀run, bí òrùlé orí òrùlé. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni gbogbo sólà wà. Láti ìgbà tí oòrùn bá ti yọ títí tó fi máa wọ̀, ọ̀gá àgbà ló ń yá a, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Sólà wà nínú ibòji bí ìyàwó tuntun lábẹ́ ìbòjú. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ, nítorí ta ni yóò lọ bá ọ̀gá pé ojú rẹ̀ ló fa òkùnkùn?

Ìbéèrè na ọrùn, ó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán náà ní lẹ́tà ńláńlá: ÌTÀNṢÁN. Ó DÚRÓ LÁÀÁRÍN OÒRÙN ÀTI ARÁÀLÚ.

Ẹ̀rín rẹ́rìn-ín títí Òpó fi ní láti di ẹ̀wù rẹ̀ mú kó má baà yí láti orí òrùlé bọ́ sílẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tí wọ́n padà dé iwájú ọ̀gá. Ìbéèrè sọ ọ́ tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀: "Sà, kò sí ohun tó ṣe àwọn sólà yín. Ẹ kàn ní kí wọ́n gbé pátákó yẹn kúrò lórí wọn. Ìyẹn nìkan ni ìmọ̀ràn wa, sà. Iná á dé ọ́fíìsì yìí, á dé ilé ìgbẹ̀bí, jẹnẹrétọ̀ á sì sinmi."

"Ìmọ̀ràn?" Ohùn ọ̀gá àgbà lọ sókè bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ẹ̀yin ni ẹ ń gbà mí nímọ̀ràn? Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà! Ṣé àwọn ni wọ́n ń gbà mí nímọ̀ràn?"

Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà wá wọ gàù. Ẹnu rẹ̀ mọ "bẹ́ẹ̀ ni," "bẹ́ẹ̀ ni" yìí kò sì gbọ́dọ̀ jáde. Ó ṣe díẹ̀, ó dákú.

Nígbà tí wọ́n fi omi jí i, ọ̀gá àgbà ti ń pàṣẹ lọ. Ó yan ìgbìmọ̀ kan tí yóò rí sí ọ̀rọ̀ ibòji. Ìgbìmọ̀ náà kó àga gun orí òrùlé, wọ́n ń fi omi tútù ṣèpàdé lábẹ́ pátákó, wọ́n sì jábọ̀ pé ibòji náà tẹ́jú, ó tutù, ara tu àwọn gan-an níbẹ̀, àwọn á sì fẹ́ àkókò díẹ̀ sí i láti tún un yẹ̀ wò. Ọ̀gá ní kí wọ́n kun jẹnẹrétọ̀ ní àwọ̀ ewé kó lè di agbára mímọ́, kí wọ́n sì máa pè é ní Igbákejì Oòrùn. Ó wá kọjú sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mínísítà, ó ní, ń bọ̀ wá ṣí iná oòrùn àjọ. Lọ́jọ́ náà, wọ́n á dìde, wọ́n á sọ fún gbogbo ayé pé irú àjọ yìí kò sí mọ́.

"Bí ẹ bá sọ nǹkan míì," ó ní, "mo máa bá yunifásítì yín sọ̀rọ̀. Ẹ máa wà níbẹ̀ títí ẹ ó fi bí ọmọ, àwọn ọmọ yín náà á sì wá bá yín ní kíláàsì."

Ìbẹ̀rù mú wọn. Wọn kì í ṣe ọmọ olówó. Ìyá Òpó ti ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ òun fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. Bí wọ́n ṣe jókòó sẹ́yìn ògiri tí wọ́n ń jiyàn, Òpó ní kí wọ́n sọ ohun tí ọ̀gá fẹ́ gbọ́ kí wọ́n máa lọ, Ẹ̀rín ní kí àwọn sá lọ láìsọ nǹkan kan. Ìgbà náà ni nọ́ọ̀sì yọ orí láti òdìkejì.

"Ta ni fóònù rẹ̀ ṣì níná nínú yín? Tèmi ti kú. Ẹ tètè!"

Ìbéèrè fò sókè, ó tẹ̀ lé e. Ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ti ṣú dẹ̀dẹ̀, òkùnkùn sì kún inú yàrá náà. Obìnrin kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó di irin mú. Ìbéèrè gbé fóònù sókè, ìmọ́lẹ̀ náà ń jó káàkiri ògiri.

"Mú un dúró, ọmọ mi. Ọ̀dọ̀ mi níbí. Kì í ṣe ojú mi, ẹwà mi ti tó."

Obìnrin tó ń rọbí náà rẹ́rìn-ín láàárín ìrora, ẹ̀rín yẹn gan-an ló sì ti ọmọ jáde. Ọmọ ké. Bí wọ́n ṣe nù ún tán ni fóònù kú pi. Nínú òkùnkùn, nọ́ọ̀sì ní, "Àwọn aboyún tó ń bọ̀ lọ́la náà, inú òkùnkùn yìí ni wọ́n á bá mi. Àbúrò mi ní kí n kọ ọ́ wá sí ọ́fíìsì."

Nígbà tí Ìbéèrè padà dé ẹ̀yìn ògiri, ó ní, "A ò ní purọ́." Àwọn méjì yòókù wo ojú rẹ̀, wọn ò jiyàn mọ́.

Ọjọ́ Mínísítà pé. Ọ̀gá àgbà ti ronú sí ọ̀rọ̀ ariwo Igbákejì Oòrùn, nítorí iná tí Mínísítà fẹ́ ṣí, ọ̀dọ̀ jẹnẹrétọ̀ náà ló ti máa wá. Ó kó àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ìṣírò jọ, ó sọ wọ́n di ẹgbẹ́ akọrin. Òfin kan ṣoṣo ló fún wọn: bí jẹnẹrétọ̀ bá ti ń dún, ẹ ò gbọ́dọ̀ dákẹ́.

Mínísítà dé. Ìyá àgbà kékeré kan ni, tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, tó sì ti jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá àgbà débi pé etí rẹ̀ kan ti kọṣẹ́ sílẹ̀. Ó jókòó. Ọ̀gá àgbà fọwọ́ sáfẹ́fẹ́, iná gílóòbù tàn yòò, àwọn akọrin sì bú sí i:

"Ìtànṣán dé, òkùnkùn sá!
Ìtànṣán dé, òkùnkùn sá!"

Ó dùn. Wọ́n tún un kọ. Ó ṣì dùn díẹ̀. Wọ́n tún un kọ. Ọ̀gá àgbà sọ̀rọ̀, wọ́n ń kọrin. Mínísítà dìde láti fèsì, wọ́n ń kọrin. Ó jókòó padà.

"Ẹ ní kí wọ́n sinmi," ó ké sí ọ̀gá àgbà létí.

"Ayọ̀ ló pọ̀ lọ́kàn wọn, mà! Wọn ò lè dá a dúró!"

"Èyí tó wà níwájú yẹn ń sunkún."

"Omijé ayọ̀ ni, mà!"

Ẹran ara ni èèyàn. Ohùn àwọn obìnrin kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, akọ̀wé ìṣírò kan fọwọ́ mú ọ̀fun, ó rọra jókòó. Akápò nìkan ló kù, ọkùnrin adúróṣinṣin, ó ń ké "òkùnkùn sá, òkùnkùn sá" bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, títí tí ohùn tirẹ̀ náà fi di afẹ́fẹ́. Ó ṣì ń la ẹnu. Kò sí nǹkan tó ń jáde.

Ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà, gbogbo ilé gbọ́ ọ: gbù-gbù-gbù-gbù-gbù.

"Kí ló ń dún yẹn?" ni Mínísítà béèrè.

"Igbákejì Oòrùn ni, mà."

"Oòrùn ní igbákejì?"

"Ìṣètò tuntun ni, mà."

"Ó tún ń rú èéfín," ni Mínísítà wí, nítorí èéfín dúdú ti ń gba fèrèsé wọlé, ó ti ń kùn díẹ̀ sára kóòtù funfun ọ̀gá àgbà.

Òógùn bo ọ̀gá. Ó wá rántí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó na ìka sí wọn, ojú rẹ̀ ń sọ fún wọn pé yunifásítì, yunifásítì. "Àwọn olùdámọ̀ràn wa nìyẹn, mà! Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣàlàyé!"

Ìbéèrè dìde.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Sólà orí òrùlé yìí dára gan-an. Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé, láti ìgbà tí pátákó kan ti dé orí òrùlé, wọn ò rí oòrùn mọ́."

"Kí ló dí wọn lójú?"

"Ọ̀gá àgbà ni, mà."

Mínísítà bọ́ bàtà, ó béèrè àkàbà. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ní kí ìyá má gùn ún, ìyá ti wà ní ìdajì. Òpó di àkàbà mú. Gbogbo àlejò tú síta, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń wo ìyá àgbà tó rọra rìn yí pátákó náà ká, tó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, tó wá ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ sókè, lọ́rọ̀ lọ́rọ̀, kí gbogbo èèyàn gbọ́:

"Ó dúró. Láàárín oòrùn. Àti aráàlú."

Ó nu ojú gíláàsì rẹ̀. "Òótọ́ ni wọ́n kọ," ó ní. "Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn òṣìṣẹ́ tó jẹ́ pé bí ẹ bá rán wọn ní fáìlì lówùúrọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n á dé, àwọn kan náà ló sáré gun òrùlé bí ẹni tí ilé ń jó! Ìgbìmọ̀ ibòji ló kọ́kọ́ dé òkè. Wọ́n tú ìdè, wọ́n yọ ìṣó, àwòrán ọ̀gá àgbà rọra fò kọjá lórí àwọn àlejò pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, ó sì dojú bolẹ̀ sínú koríko. Oòrùn já lu sólà. Ẹnì kan pa Igbákejì Oòrùn. Gílóòbù kú. Gílóòbù ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó tún ṣẹ́jú, ó wá tàn, ó dúró síbẹ̀, láìsí ariwo kankan.

Igbe ta láti òdìkejì ògiri. "Iná dé! Fíríìjì ń dún o! Ẹ wá gbọ́ bó ṣe ń dún!" Ohùn nọ́ọ̀sì ni, ohùn àwọn aboyún sì tẹ̀ lé e. Àtẹ́wọ́ bú níta, èyí tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá àgbà, nítorí ó ti mọ́ ọn lára, tẹrí ba.

"Ṣé ẹ rí i, mà?" ó ní, ó ń nu èéfín lójú. "Bí mo ṣe fara mọ́ ọn pé kí wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀..."

"Ẹ wá rí mi ní ọ́fíìsì," ni Mínísítà wí.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ó rò pé oyè ni wọ́n fẹ́ fi òun jẹ? Ó rán kóòtù tuntun. Ó kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tó gùn, ó ń kà á fún ìyàwó rẹ̀ lórí oúnjẹ títí oúnjẹ fi tutù. Ó wọlé sọ́dọ̀ Mínísítà gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá àgbà, ó jáde gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin kan tó wọ kóòtù. Ó dúró lẹ́bàá títì, ó ń retí kí awakọ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún un. Awakọ̀ náà ṣàlàyé fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé mọ́tò ni òun wá gbà.

Ọ̀gá tuntun, obìnrin kan tí kì í fẹ́ kéèyàn dìde fún òun, dé ọ́fíìsì náà, ó pe Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà. "Ó jọ pé ẹ máa ń gbà sí gbogbo nǹkan," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé ẹ rò pé ó yẹ kí n gbé irú yín kúrò níbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà!" Ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó gbọ́ ara rẹ̀.

Ní ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n gboyè. Ìyá Òpó jó níwájú gbogbo kíláàsì. Àwọn ilé iṣẹ́ míì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ yunifásítì pé kí wọ́n rán irú àwọn mẹ́ta yẹn sí àwọn. Àwọn ọ̀gá àgbà kan tí ẹ̀rí ọkàn ń dà láàmú kọ́kọ́ gun òrùlé tiwọn lọ wo ohun tó wà níbẹ̀.

Ọkùnrin wa wà nílé. Ó ń bá jígí sọ̀rọ̀. Ó ń kí àwọn àga káàbọ̀. Nígbà tó di pé ó ń retí àtẹ́wọ́ lẹ́yìn tó bá wúkọ́, ìyàwó rẹ̀ pe nọ́ọ̀sì.

"Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá mú àbúrò yín. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yan ìgbìmọ̀ lórí èmi àti ìkòkò."

Nọ́ọ̀sì mú un. Ó fún un ní ẹ̀wù tó nípọn, ó ní kó máa pọnmi, kó máa nu eruku kúrò lójú sólà, kó máa ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn aboyún. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ò rọrùn rárá. Ó ń ṣí ilẹ̀kùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìkíni, aboyún kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ sójú ọ̀nà kó tó dé "ẹ̀yin èèhù ọ̀la." Nọ́ọ̀sì ní kó ké ọ̀rọ̀ náà kúrú. Ó ké e títí ó fi ku "Ẹ káàbọ̀." Nígbà tó kọ́kọ́ sọ ìyẹn nìkan, ẹnì kan dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, sà," ó sì wo ojú rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Ọkùnrin náà gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn. Kò rántí ìgbà tí ẹnì kan ti sọ irú rẹ̀ fún òun láìjẹ́ pé wọ́n ti kọ́ onítọ̀hún tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà kan jókòó sí ìta, ó ń dúró de ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń bọ̀. Ọkùnrin wa gbé omi mímu fún un. Obìnrin náà mu ún tán, ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin ńkọ́, ta ni yín níbí?"

Àyà ọkùnrin náà gbé sókè. Gbogbo oyè rẹ̀ dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú ikùn, wọ́n gun ọ̀fun, wọ́n tò sí ẹ̀yìn eyín. Ó wo ilẹ̀kùn yàrá ìgbẹ̀bí tí ìmọ́lẹ̀ ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Ó gbé wọn mì.

"Àbúrò nọ́ọ̀sì ni mí," ó ní.

Obìnrin náà mirí, ó fẹ́ gbójú kúrò. Ara ọkùnrin náà ò gbà á mọ́.

"Àbúrò Àgbà," ó fi kún un.

"Àgbà wo?" ni nọ́ọ̀sì pariwo láti inú yàrá. "Orí ọmọ ti yọ, gbé omi gbígbóná wá!"

Ó sì sáré lọ gbé e.